Ẹ Dín In Kù, Ẹ Má Pa Á: Lẹ́tà sí Àwọn Ọ̀dọ́ Kòsọ́fẹ́ Tó Ń Kọ̀wé

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Kétu, Ìkòsì, Alápẹ̀rẹ̀ àti Mile 12,

 Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè jáde, ẹ kú oríire. Ẹ̀yin agùnbánirọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀yin tí àwọn òbí yín ń múra mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́, Olúwa yóò bá yín ṣe é. Gbogbo yín ni mo kọ̀wé sí, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ̀wé nínú yín ni mo dìídì ń bá wí: ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ ohun tí ojú yín rí àti ohun tó wà lọ́kàn yín sílẹ̀, tí ẹ ń gbé e síta, tí àwa ń kà á. Mo ti ń kà yín tipẹ́. Mo sì ti rí i pé bí oríire ṣe ń wọlé tọ̀ yín ni ẹ ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń dùn mí.

Mo mọ ohun tó fà á. Ẹni tó ń gbé Kétu tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island, òru ló ń jí. Kí aago márùn-ún ìdájí tó lù, ìlà ti gùn ní ibùdókọ̀ BRT Mile 12. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, àwọn alábàárù ti gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì karí, omi rẹ̀ ń kán sí wọn léjìká, wọ́n ń pariwo pé kí èèyàn yà fún wọn. Bó bá di alẹ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí afárá Third Mainland ń dúró de ẹni tó ń bọ̀. Sátidé, ìnáwó ọ̀rẹ́ wà nílẹ̀. Sunday, ṣọ́ọ̀ṣì ni, tàbí Àsàlátù NASFAT. Jímọ̀ọ́ àkọ́kọ́ nínú oṣù, ẹlòmíràn ti wà ní àìsùn ní Redemption City. Ẹ wá fi àfẹ́sọ́nà tó ń retí ìpè kún un. Ìgbà wo lèèyàn fẹ́ kọ̀wé?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Kíkọ kọ́ ló ń jẹ àkókò yín. Ìlà mẹ́wàá kò gba ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n kọ ju àsìkò tí bọ́ọ̀sì fi ń ti Ọjọ́ta dé Maryland lọ. Ohun tó ń jẹ àkókò yín ni àfihàn: ẹ ń wá fọ́tò tó bá a mu, ẹ ń wò bóyá wọ́n ti kà á, ẹ ń fèsì fún ẹni tó bú yín, ẹ kò sì lè sùn nítorí ẹni tí kò sọ nǹkan kan. Bí ẹ bá sì dákẹ́ fún oṣù kan, ẹ ó tún wá máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tó ń kà yín bí ẹni tó jẹ gbèsè. Gbèsè wo? Ta ló yá yín lówó?

Ẹ ya kíkọ àti àfihàn sọ́tọ̀. Ẹ máa kọ ọ́. Èyí tí yóò jáde, yóò jáde nígbà tí ó bá yẹ kó jáde. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà tó kọ eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà, ní 1961 sí 1962. Ọdún 1970 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ fojú inú wo ọ̀dọ́kùnrin tí ìdánwò wà níwájú rẹ̀, tó jókòó tó ń kọ eré nípa Ìyálóde Ìbàdàn, láìmọ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa kà á títí dòní. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ṣe ló ṣe. Àkókò ṣe ìyókù.

Ẹ tún wo Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ní 1846 ó dé Abẹ́òkúta pẹ̀lú àwọn míṣọ́nnárì CMS, àlùfáà ni nígbà náà, ó níyàwó, ó lọ́mọ, iṣẹ́ ìwàásù àti iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, òun àti ìyá tó bí i fojú kanra lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ló ti sọ bí ara ìyá náà ṣe ń gbọ̀n, bí wọ́n ṣe di ara wọn mú tí wọn kò lè sọ̀rọ̀, àti bí ìyá náà ṣe ń fi àwọn orúkọ tí ìyá àgbà rẹ̀ máa ń pè é nígbà èwe pè é. Ká ní ó ní òun yóò kọ ọ́ nígbà tí ọwọ́ òun bá dilẹ̀ ni, a kì bá tí mọ̀ ọ́n, nítorí ọwọ́ ọkùnrin yẹn kò dilẹ̀ rí. Bíṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fi í jẹ ní 1864.

Ìdí nìyí tí ara mi kì í gbà á bí ẹnì kan bá ní kí ẹ pa ìwé kíkọ tì kí ẹ lè gbájú mọ́ nǹkan ẹ̀mí. Àlùfáà ni Crowther o. Ẹni tó kírun Sùbúhì tán, tàbí tó ṣe ìparọ́rọ́ òwúrọ̀ tán, tí ọkàn rẹ̀ ṣì rọ̀, ìgbà wo ló tún fẹ́ rí tó dára ju ìgbà yẹn lọ láti kọ ìlà díẹ̀? Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún ni kí gbogbo àdúrà má di ohun tí ẹ ń gbé síta. Èyí tí ẹ bá Ọlọ́run sọ lórí ìkúnlẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà láàárín yín.

Ti ibi iṣẹ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Ọ̀rọ̀ oníbàárà àti àṣírí ilé iṣẹ́, ẹ má gbé e síta. Òfin tó dáàbò bo ìsọfúnni ẹni ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, ọ̀dọ́ tó wà lẹ́nu ìdánwò iṣẹ́ kò sì ní agbẹjọ́rò.

Ti àfẹ́sọ́nà ló wà lọ́kàn mi jù. Ọmọkùnrin kan lè sọ fún ẹ lóru pé gbèsè wà lọ́rùn bàbá òun, kí omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọbìnrin kan lè sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́mọdé fún ẹ. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ọ̀rọ̀ náà yóò máa ta ọ́ lọ́wọ́ pé kí o kọ òun, nítorí òǹkọ̀wé ni ẹ́. Kọ ọ́, ṣùgbọ́n tì í mọ́ àpótí. Ẹni méjì ló ni ín, ìwọ nìkan kò sì láṣẹ lórí rẹ̀. Mo ti rí àdéhùn ìgbéyàwó tó túká nítorí ìlà mẹ́rin péré tí gbogbo ayé kà.

Bó bá sì ń jó ọ nínú, ṣe bí Ìsáàkì Tọ́máàsì ti ṣe. Láàárín 1929 sí 1930, òun fúnra rẹ̀ ni olóòtú Akéde Èkó, síbẹ̀ ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ló ń kọ lẹ́tà inú ìwé ìròyìn náà bí ẹni pé obìnrin kan tí ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá, tó ti gbádùn ayé tí àìsàn sì dá gúnlẹ̀, ló ń kọ ọ́. Ìgbésí ayé Èkó tó ń wò ló fi sí ẹnu obìnrin náà. Àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́ débi pé wọ́n fi owó ìrànlọ́wọ́ ránṣẹ́ sí i. Àwọn lẹ́tà náà di ìwé ní 1930, ọ̀pọ̀ sì kà á sí ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, kì í ṣe nítorí tiyín nìkan ni mo ṣe ń bẹ̀ yín. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Agílítì àti Ajégúnlẹ̀ mọ bí omi Odò Ògùn ṣe ń wọlé nígbà tí wọ́n bá tú omi ìdídò Ọ̀yán sílẹ̀. Ìwé ìròyìn a kọ pé omi yalé. Ta ló kọ orúkọ àwọn ohun tí ìyá rẹ kọ́kọ́ gbé sórí tábìlì? Oṣù kẹta 2008 ni bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12; ta ló kọ ohun tí àwọn onídánfó ń sọ ní gáréèjì lọ́jọ́ yẹn? Àjèjì kò lè bá wa kọ ọ́, nítorí kò sí níbẹ̀.

Ẹni tó bá ti dákẹ́ nínú yín, mo bẹ̀ ẹ́, wá ìwé kan tàbí fóònù rẹ lálẹ́ òní. Kọ ìlà mẹ́ta nípa ọjọ́ òní, fi déètì sí i, má fi han ẹnikẹ́ni, kí o sì lọ sùn. Ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́la pẹ̀lú.

Èmi ni ìyá yín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìkòsì.