Ohun Tí Ọkọ̀ Bá Gbé Wá, Ọkọ̀ Ni Kó Gbé E Padà

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Àwọn tí a jọ ń gbé erékùṣù yìí ni mo dìídì ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ wà ní Tarkwa Bay, ní Ilashe, ní Sagbokoji, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé gbogbo nǹkan wá, ọ̀rọ̀ yín náà ni.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé ìkórè wa, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa nígbà tí bàbá apẹja kan ní àdúgbò kan ilẹ̀kùn mi. Bàbá yìí kì í ṣe ọmọ ìjọ wa. Ó gbé àwọ̀n ẹ̀ lé èjìká. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹja yín rèé, mo bá yín gbé e wá." Ó tú àwọ̀n sílẹ̀. Ike omi ló kún inú ẹ̀, àti take-away funfun tí wọ́n fi ń bu ìrẹsì. Mo mú ọ̀kan nínú àwọn ike omi yẹn. Orúkọ ìjọ wa ló wà lára ẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ ìkórè, àti fọ́tò èmi àti ìyàwó mi, à ń rẹ́rìn-ín.

Ojú tì mí. Bàbá ò bú mi, ì bá tilẹ̀ sàn kó bú mi. Ó kàn jókòó, ó ń yọ ọ̀rá kúrò lójú àwọ̀n níkọ̀ọ̀kan, èmi náà jókòó tì í, a jọ ń yọ ọ́. Àwọ̀n ti ya níbi mẹ́ta. Mo fẹ́ fún un lówó tí yóò fi tún un ṣe, ó ní kí n tọ́jú owó mi, kí n lọ fi ra garawa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn ọ̀dọ́ gbá gbogbo ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Èmi fúnra mi ni mo gbóríyìn fún wọn. Àpò mẹ́sàn-án ni wọ́n kó jọ, wọ́n sì gbé e lọ sẹ́yìn, létí omi, níbi tí gbogbo wa ń dà á sí. Nígbà tó di òru, omi kún, ó gbé e lọ. Ìmọ́tótó tí mo ń yìn nìyẹn: a kó ìdọ̀tí kúrò níwájú wa, a gbé e fún aládùúgbò. Ìjọba Èkó sì ti fòfin de take-away funfun yẹn láti January 2024. Mo mọ̀. A ṣì rà á.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n pe ìpàdé àdúgbò lórí ọ̀rọ̀ pàǹtírí, mo tètè dé. Àbá méjì ni wọ́n mú wá. Àwọn kan ní ká wá ilẹ̀ kan lẹ́yìn abúlé, ká máa sin ín, ká máa jó o. Àwọn kan ní ká kọ̀wé sí ìjọba kí wọ́n fún wa ní ọkọ̀ tí yóò máa wá kó o. Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo àgbà tó sọ̀rọ̀, pàápàá Baálẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ẹ wo ilẹ̀ wa. Iyanrìn ni. Ẹ gbẹ́ ẹ díẹ̀, ẹ ti kan omi. Kànga tí a fi ń fọṣọ, tí a fi ń wẹ ọmọ, inú iyanrìn yẹn kan náà ló wà. Ohun tí a bá sin sẹ́yìn abúlé, òjò á fọ̀ ọ́ wá bá wa nínú kànga. Ká jó o ńkọ́? Èéfín ike kì í ṣe ẹgbẹ́ èéfín igi o. Májèlé ni, ibi yòówù tí atẹ́gùn òkun bá sì gbé e sí, ilé ẹnì kan ló wà níbẹ̀. Ní ti ọkọ̀ ìjọba, ní Èkó lọ́hùn-ún tí títì wà, ṣé wọ́n ń rí i kó tán? Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ojota ní March 2018, nígbà tí ààtàn Olusosun gbiná, ẹ rántí èéfín ọjọ́ yẹn. Irú ibẹ̀ ni wọ́n máa kó tiwa náà lọ.

Àwọn àgbà ní ààtàn kì í kọ ilẹ̀kílẹ̀. Òótọ́ ni, láyé tiwọn. Kí ló wà lórí ààtàn ìyá ìyá mi? Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, eérú, ewé tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ìyẹ́ adìẹ. Kò pẹ́ tí gbogbo ẹ̀ á fi di ilẹ̀ dúdú. Tẹ̀tẹ̀ á hù lórí ẹ̀ láìgbìn, màmá á sì ní ká lọ já a wá fún ọbẹ̀. Ìwà yẹn la jogún, à ń da nǹkan sẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n ẹrù ọwọ́ wa ti yàtọ̀. Ike ò di ilẹ̀ dúdú. Tẹ̀tẹ̀ ò hù lórí pampers.

Ọmọ ìjọ wa kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun ló kọ́kọ́ sọ fún mi nípa erékùṣù kan ní ilẹ̀ Gíríìsì, Tilos lorúkọ ẹ̀. Nǹkan bí 500 èèyàn ló ń gbé ibẹ̀, kò tó tiwa. Tẹ́lẹ̀, nínú 100 kílò pàǹtírí wọn, ó lé ní 80 tí wọ́n ń sin sílẹ̀. Ní December 2021, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Polygreen. Wọ́n ní kí ilé kọ̀ọ̀kan pín tiẹ̀ sí mẹ́ta: àjẹkù àti èèpo lọ́tọ̀, ohun tí wọ́n lè tún lò lọ́tọ̀, èyí tó kù lọ́tọ̀. Wọ́n ń wá gbà á lẹ́nu ọ̀nà kálukú. Wọ́n sì ti ààtàn ìlú pa.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Òyìnbó ni wọ́n, wọ́n lówó. Ẹ ò parọ́, owó ńlá wà lẹ́yìn ètò yẹn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó gbé gbogbo ẹ̀ ró, ilé ìdáná ni wọ́n ti ń ṣe é, owó ò sì sí níbẹ̀: wọ́n ń ya èyí tó tutù kúrò lára èyí tó gbẹ kó tó dàpọ̀. Bí epo ọbẹ̀ bá ti kan ike tán, ta ló fẹ́ rà á?

Nítorí wọ́n ń rà á o! Àwọn tó ń fi kílò ra ike wà káàkiri Èkó. Ní Ajégúnlẹ̀, ilé-ìwé wà tó ń gba ike lọ́wọ́ òbí dípò owó ilé-ìwé. Láàárọ̀, ọkọ̀ ń gbé omi, mínírà àti indomie wá fún wa títí ẹnu. Tó bá ń padà lọ́sàn-án, èrò díẹ̀ ló wà nínú ẹ̀. Àyè wà níbẹ̀ fún àpò ike tí a ti ṣàn mọ́. Èyí tó tutù kò gbọdọ̀ kúrò níbí rárá. Ẹ fún ewúrẹ́ níbẹ̀, ẹ gbẹ́ kòtò tí kò jìn, ẹ da ìyókù sí i pẹ̀lú ewé gbígbẹ, ẹ bò ó. Àbí ọkọ̀ náà kọ́ ló ń gbé ẹ̀fọ́ tí à ń jẹ wá, torí pé iyanrìn wa ò lọ́ràá?

Ẹ̀yin tí ẹ ti lé lógójì ọdún, ẹ rántí ìgò mínírà. Tí wọ́n bá rán ẹ níṣẹ́, ohun tí ìyá tó ń tajà máa kọ́kọ́ bi ẹ́ ni pé, "Ìgò dà?" Tí o ò bá mú ìgò dání, wàá fowó ìgò sílẹ̀. Ṣé ìgò mínírà máa ń dí gọ́tà nígbà yẹn? Ọmọ tó bá fọ́ ìgò, ẹ mọ ohun tí ojú ẹ̀ ń rí. Àbá mi ni pé kí àwọn ọlọ́jà wa fi owó díẹ̀ lé ike omi àti mínírà, kí ẹni tó bá dá ike padà gba owó ẹ̀. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ á ṣa etíkun yìí mọ́ ju ọ̀dọ́ ìjọ mi lọ.

Mi ò ní tàn yín, ó níbi tó ti le. Omi kànga wa níyọ̀ nínú, mi ò lè sọ pé kẹ́nikẹ́ni má mu pió wọ́tà. Ẹ gé e, ẹ mu ún, ẹ sá ọ̀rá ẹ̀, ẹ dì í jọ, ó níye tó ń bá a lọ. Ní ti pampers, mi ò rí ọ̀nà ẹ̀ rárá. Ìlú Kamikatsu ní Japan, láti 2003 ni wọ́n ti kéde pé àwọn ò fẹ́ ní pàǹtírí kankan mọ́, wọ́n ń ya nǹkan sí oríṣi tó lé ní 40, síbẹ̀ pampers wà nínú ohun tó ṣẹ́gun wọn. Wọ́n dé nǹkan bí 80 nínú 100. Ẹ fún mi ní ìdajì ìyẹn lọ́dún yìí, mo máa jó.

Jésù bọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, ó sì ní kí wọ́n kó àjẹkù jọ, agbọ̀n méjìlá ló kún. Mo ti wàásù lórí búrẹ́dì yẹn láìmọye ìgbà. Mi ò wàásù lórí agbọ̀n rí.

Ìjọ wa la máa fi bẹ̀rẹ̀. Kò ní sí take-away mọ́, kálukú á gbé abọ́ àti kọ́ọ̀pù tiẹ̀ wá láti ilé. Ìyàwó mi ti bi mí pé ta ló máa fọ abọ́ àwọn àlejò, pẹ̀lú bí omi ṣe wọ́n tó. Mo ní èmi ni. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò ṣàwàdà.

Mo ti lọ bá àwọn ọlọ́kọ̀ ní jẹ́tì. Àwọn méjì ti gbà láti máa gbé àpò wa lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta láìgba owó. Ẹ̀kẹta ní òun máa gbé e, àmọ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́ kí òun gbọ́ òórùn àpò náà ná. Mo ní kò burú, kó wá sílé mi lọ́jọ́ Ẹtì, kó wá gbóòórùn ẹ̀.