Ta ló ní orí àwọn ọmọ wa kò gba ìṣirò?

A ti gbọ́ ọ títí ó fi sú wa: pé ọmọ Bantè àti ọmọ Savalou kò ní orí ìṣirò. Irọ́ ni. Ọmọ tí ń bá ìyá rẹ̀ ta iṣu lọ́jà kì í ṣi owó kà. Bí ó bá pe 45 ní márùndínláàádọ́ta, ó ti yọ 10 kúrò nínú 60, ó sì tún yọ 5 kúrò nínú èyí tó kù. Faransé tí ń pe 80 ní quatre-vingts, ogún lọ́nà mẹ́rin ni òun náà ń kà, bí ọgọ́rin tiwa.

Kí ló wá dé? Ní CEG, èdè Faransé ni a fi ń gbé ìbéèrè kalẹ̀. Ọmọ tí kò lóye ìbéèrè, ìṣirò wo ni yóò ṣe? Ní Ilé-Ifẹ̀, láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko. Wọ́n sì ta àwọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta yọ.

Ọwọ́ àwa òbí náà kò mọ́. Bí kajú bá ti ń já ní oṣù kejì, a ó fa ọmọ jáde ní kíláàsì, ọmọbìnrin ni yóò sì ṣáájú. Bí BEPC bá wá dé tí ó já a kulẹ̀, a ó ní ayé ló ń bá a jà.

Èdè méjì ni ìwé ìròyìn wa ń sọ. Èé ṣe tí ẹgbẹ́ wa kò fi lè ṣí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì fi Yorùbá túmọ̀ òfin Pythagore fún ọmọ Bantè, kí ó sì fi Mahi túmọ̀ rẹ̀ fún ọmọ Savalou tó ń sọ ọ́? Yàrá ìpàdé wa ṣófo láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì.