Ẹ Má Fọwọ́ Kan Òfin Ayò Yẹn O

Mo rí ohun tí kọmití eré kọ síbí lọ́jọ́ Ẹtì nípa ọjọ́ ọdún ẹgbẹ́ wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí, torí mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ pé inú ló ń bí mi. Wọ́n ní ayò tá a ta lọ́dún tó kọjá pẹ́ jù, ó sì sú àwọn ọmọdé. Òótọ́ ni. Èmi náà wà níbẹ̀, ó sú mi. Àmọ́ ojútùú tí wọ́n mú wá ni mi ò fara mọ́. Wọ́n ní ká yọ òfin tó ní kéèyàn fún ẹni tí ilé rẹ̀ bá gbẹ ní ọmọ, kí eré lè tètè parí. Tí ìyẹn ò bá sì ṣiṣẹ́, ká fi Ludo orí fóònù rọ́pò ayò fáwọn ọmọ.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ṣàlàyé díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa tá a bí síbí ni kò mọ ayò ta, kì í sì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ilé méjìlá ló wà lára ọpọ́n, mẹ́fà tìẹ, mẹ́fà tèmi. Ọmọ mẹ́rin mẹ́rin ló ń wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 48. Wàá kó gbogbo ọmọ inú ilé rẹ kan, wàá máa jù wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sápá ọ̀tún títí á fi tán lọ́wọ́ rẹ. Bí èyí tó gbẹ̀yìn bá bọ́ sílé mi, tó sì sọ ohun tó wà níbẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, o jẹ ẹ́ nìyẹn. Bí ilé tó ṣáájú rẹ̀ lọ́dọ̀ mi náà bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, o jẹ ìyẹn náà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ 25 ló borí. Ọmọ ọdún méje á mọ̀ ọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú eré kan nìyẹn, kí òfin rẹ̀ má pọ̀, kí inú rẹ̀ sì jìn. Ayò jìn o. Ní 2002, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì ní Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, fi ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà yanjú awari, tó jẹ́ irú ayò yìí kan náà. Oríṣiríṣi ipò tí ọmọ lè wà lórí ọpọ́n lé ní bílíọ̀nù 889, wọ́n sì yẹ gbogbo ẹ̀ wò. Kí ni wọ́n rí? Pé báwọn méjèèjì ò bá ṣàṣìṣe kankan, ọ̀mì ni wọ́n máa ta, 24 sí 24. Ẹni tó kọ́kọ́ ta ò rẹ́ni jẹ, ẹni tó ta tẹ̀ lé e náà ò rẹ́ni jẹ. Àwọn tó gbẹ́ ọpọ́n àkọ́kọ́ ò ní kọ̀ǹpútà kankan o!

Ludo ńkọ́? Mi ò kórìíra ẹ̀. Tí iná bá lọ, a máa ń ta á nílé wa, a sì máa ń rẹ́rìn-ín gan-an. Àmọ́ dáìsì ló ń ronú fúnni níbẹ̀. Ọmọ tó bá pàdánù á ní mẹ́fà ò jáde fún òun, òótọ́ ló sì sọ, kò sí nǹkan tó fẹ́ lọ kọ́ nínú ìyẹn. Whot náà, káàdì wà lọ́wọ́ oníkálukú tẹ́nì kejì ò rí. Ayò ò fi nǹkan kan pa mọ́. Gbogbo ọmọ wà níta gbangba, èmi rí i, ìwọ rí i, bùrọ̀dá tó dúró sẹ́yìn wa rí i. Tó o bá pàdánù, ojú rẹ ló fò ó, wàá sì mọ ibi tó ti fò ó.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí òfin tí wọ́n fẹ́ yọ yẹn, torí òun gan-an ló gbé mi dé ibí. Bí ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tèmi bá gbẹ, tí ọmọ ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ, o ò gbọ́dọ̀ máa yí tìẹ lábẹ́lé. Dandan ni kó o ta ilé tí ọmọ rẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ mi, tó bá ṣáà ti ṣeé ṣe. Kọmití ń wo èyí bí àánú lásán, bí ẹni pé à ń fi eré ṣe sàárà. Kì í ṣe àánú rárá. Òun ló mú kí ayò jẹ́ ayò.

Ẹ rò ó wò ná. Ká ní kò sí òfin yẹn, kí ni màá ṣe? Màá kó ọmọ jọ sí apá tèmi, màá di odù ńlá, màá máa rọra yọ ọ̀kan ọ̀kan káàkiri ilé mi títí tìẹ á fi tán. Ìwọ náà á ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Àwa méjèèjì á jókòó ti ẹrù wa bí alájàpá tó ń retí kí ọjà wọ́n, kò ní sẹ́ni tó máa fún ẹnì kejì ní nǹkan kan. Eré á tètè parí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n eré wo ló wà níbẹ̀? Torí pé mo mọ̀ pé tí ilé rẹ bá gbẹ, àfi kí n fún ọ, mo gbọ́dọ̀ máa ro ti ilé rẹ bí mo ṣe ń ro ti tèmi. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó sì wà lẹ́yìn ò ní sọ̀rètí nù.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá kan wà ládùúgbò wa tó ń ránṣọ. Lọ́jọ́ kan, ẹni tí wọ́n jọ ń ta ti jẹ 20, bàbá ò tíì kọjá 16, ilé ẹ̀ sì gbẹ pátápátá. Gbogbo wa ti ń pariwo pé ó ti tán. Ẹni yẹn wo ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tiẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ló lè dé ọ̀dọ̀ bàbá, èyí tí ò fẹ́ fọwọ́ kàn rárá sì ni. Ó kó o. Kí wọ́n tó gbé oúnjẹ alẹ́ dé, bàbá ti jẹ 25. Títí dòní ni mò ń rántí bí ọkùnrin yẹn ṣe ń wo ọwọ́ ara ẹ̀.

Kí ló wá mú kí tọdún tó kọjá sú wa? Owó ni. A gbé ₦50,000 kalẹ̀, a ní ẹni tó bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti lọ nìyẹn, a tún ní káwọn tó ń wòran pa ẹnu mọ́. Àwọn tó ń ta wá ń bẹ̀rù. Nígbà tó di àṣekágbá, ọmọ mẹ́rin péré ló kù lórí ọpọ́n, wọ́n ń lé ara wọn kiri bí eku àti ológbò, kò sẹ́ni tó gbà kí wọ́n pín in torí owó yẹn. Ìgbà wo lẹ rí irú ẹ̀ rí lábẹ́ igi? Lábẹ́ igi, àwọn méjèèjì á wo ojú ara wọn, oníkálukú á kó tiẹ̀, wọ́n á tún ọpọ́n tò. Ní ti pípa ẹnu mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń ta ayò láìsí ẹni tó ń pè é ní òpè? Àpárá yẹn wà lára eré náà.

Ẹ má rò pé mò ń sọ pé òfin àwọn baba wa ò ṣeé yí o. Ẹ wo bọ́ọ̀lù. Ní Ife Àgbáyé 1990 ní Ítálì, ìdíje 52, góòlù 115 péré. Wọ́n kàn ń gbá bọ́ọ̀lù padà fún gólì ni, gólì á fọwọ́ gbé e, àkókò á máa lọ. Ní 1992 wọ́n fòfin dè é kí gólì má fọwọ́ gbé bọ́ọ̀lù tí ará ẹgbẹ́ ẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fẹsẹ̀ gbá fún un. Ní 1994 ní Amẹ́ríkà, ìdíje 52 náà ni, góòlù 141 ló wọlé. Ọ̀kan nínú ẹ̀ ni ti Rashidi Yekini sílé Bọ̀lìgéríà, góòlù tí Nàìjíríà kọ́kọ́ jẹ ní Ife Àgbáyé. Ẹ sì mọ̀ pé Kàdúná níbí ni wọ́n bí Yekini sí ní 1963, UNTL níbí ló sì ti gbá bọ́ọ̀lù kó tó lọ Shooting Stars n'Íbàdàn. (Mi ò lè sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kí n má dárúkọ ẹ̀, ẹ forí jì mí.) Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ti ọ̀nà ahun pa. Kọmití tiwa fẹ́ ṣí i sílẹ̀.

Ohun tí mo bá yín rò rèé. Ká mú owó kúrò, ká fi ra ẹran tí gbogbo wa á jọ jẹ, ìyẹn ẹni tó borí àtẹni tó pàdánù. Kí wọ́n máa ta á lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́ta, káṣìṣe ẹ̀ẹ̀kan má léèyàn sílé. Bí ọmọ bá kù díẹ̀, tí wọ́n ti ta á fún ogún ìgbà láìsẹ́ni tó jẹ, kí oníkálukú kó tọ̀dọ̀ ẹ̀, kó parí. Ẹni tó ń wòran lè sọ̀rọ̀ tó bá wù ú, àmọ́ kó má fọwọ́ tọ́ka sílé kankan. Kí ọmọdé kọ̀ọ̀kan sì jókòó ti àgbà kan. Mo ti rí àwọn ọmọkùnrin wa méjì mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, kí a tó bá wọn wí, ká rántí pé àwa la gbé ₦50,000 síwájú wọn. Ẹ tún pe àwọn ọmọ Háúsá ilé kejì, àwọn tó ń ta dárà nínú iyanrìn. Ojú wọn ti yá tẹ́lẹ̀, wọ́n á tètè mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ Sunday tá a máa ṣèpàdé, màá gbé ọpọ́n méjì wá. Ọmọ ayò mẹ́ta ti sọ nù nínú ti ọpọ́n kékeré, òkúta wẹ́wẹ́ la fi dípò, kò sì dùn lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń lọ sílé lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá ọmọ ayò bọ̀, màá san owó ẹ̀.