Iná Mànàmáná Láti Inú Òkun àti Ẹja Inú Ọ̀sà

Maitama jìnnà sí òkun, àmọ́ orúkọ odò ni wọ́n fi sọ ọ̀pọ̀ òpópónà ibẹ̀: Nile, Mississippi, Zambezi. Ní Zambezi ni iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó iná mànàmáná wà. Omi odò ni ìjọba mọ̀ ọ́n fi ṣe iná, ní Kainji, Jebba àti Shiroro. Omi òkun, tó ń kún tó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kò tíì tan gílóòbù kan ní Nàìjíríà.

La Rance, ní ilẹ̀ Faransé, ni àpẹẹrẹ tó kọ́ni jù. Ní 1966 ni wọ́n ṣí i. Agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 240. Odi ni wọ́n mọ dí ẹnu odò náà, bí omi sì ti ń gba inú odi kọjá ló ń yí ẹ̀rọ. Kí wọ́n tó lè mọ ọ́n, wọ́n sé omi òkun mọ́ ìta fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Omi iyọ̀ kò wọlé mọ́, púpọ̀ nínú ohun ẹlẹ́mìí ibẹ̀ sì kú. Ẹja padà wá nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo irú tó wà tẹ́lẹ̀. Ní Annapolis Royal, ní Kánádà, ìpalára tí ẹ̀rọ ń ṣe fún ẹja wà lára ohun tó dá iṣẹ́ dúró ní 2019.

Ní La Rance, òkun a máa fi nǹkan bíi mítà 8 ga nígbà tó bá kún ju ìgbà tó bá fà lọ. Ní Èkó, kò ju bíi mítà kan lọ. Èrè odi níbẹ̀ yóò kéré, àdánù ńkọ́? Inú òkun ni edé ń yé sí, ọmọ rẹ̀ a sì gba ẹnu ọ̀sà wọlé láti dàgbà kó tó padà. Ẹnu kan náà ni ọkọ̀ òkun ń gbà lọ sí Àpápá. Ẹni tó bá dí i ti dí ọ̀nà oúnjẹ àwọn apẹja Makoko.

Àwọn kan lè tọ́ka sí Scotland, níbi tí wọ́n ti ń ri ẹ̀rọ sísàlẹ̀ òkun láìmọ odi. Ìyẹn sàn fún ẹja, àmọ́ omi tó ń sáré gidi ló ń fẹ́.

Òfin iná mànàmáná ti 2023 ti fún ìpínlẹ̀ lágbára láti dá iná tirẹ̀ ṣe, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí lè dé Aláùsá kó tó dé Maitama. Níbikíbi tó bá dé, òfin 1992 pọn ọ́n ní dandan pé kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ipa iṣẹ́ ńlá lórí àyíká wò. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ Kainji, tó parí ní 1968, kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀. Ẹja sì dín kù lọ́wọ́ àwọn apẹja ìsàlẹ̀ odò.