Asọ̀rọ̀mágbèsì, gbèsì lónìí

1/ Ẹ̀yin tèmi, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ kan o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó bú mi 🧵

Gbogbo ìgbà tọ́rọ̀ orin bá délẹ̀ ní Abẹ́òkúta, àwọn àgbà á ní: "Rédíò ló sọ Àyìnlá Ọmọwúrà di ńlá. Ẹ̀yin náà ẹ kọ orin gidi, rédíò á gbé e." Ẹ̀yin bàbá wa, ìdajì òótọ́ lẹ sọ.

2/ Ká kọ́kọ́ fún rédíò ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. 6 May 1980 ni wọ́n pa Àyìnlá. Ìyá mi gan-an ṣì kéré nígbà yẹn. Ilé ìyá mi àgbà ní Ṣàpọ́n ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, lórí rédíò kékeré tó máa ń wà lẹ́bàá ìkòkò ògì. Ìyẹn ti pẹ́ kí Túndé Kèlání tó ṣe fíìmù "Ayinla" ní 2021. Àwọn olóòtú ètò àárọ̀ ni ò jẹ́ ká gbàgbé bàbá yẹn. Mo dúpẹ́.

3/ Ṣùgbọ́n rédíò nìkan kọ́. EMI ló ń tẹ àwo rẹ̀. Òde ìnáwó àti ilé ọtí ló ń gbé e kiri. Ohun tó ń lọ nílùú lọmọ Ìtòkò yìí ń kọ: owó ilé Èkó, ìkànìyàn 1973. Ẹni tí ò lè ka ìwé ìròyìn ń gbọ́ ìròyìn lẹ́nu rẹ̀. Bó ṣe nílò rédíò ni rédíò nílò rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

4/ Lónìí ńkọ́? Lọ́dún tó kọjá, mo gbé orin àpàlà àbúrò mi kan lọ sílé iṣẹ́ rédíò kan. Mi ò ní dárúkọ. Owó ọkọ̀ láti Ṣàpọ́n dé Kútọ̀ lọmọ náà kọrin lé lórí. Olóòtú gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dùn gan-an. Ó wá ní: "Ẹ̀yin náà ẹ ṣáà mọ bó ṣe ń lọ."

Kò sówó lọ́wọ́ wa. Orin ò jáde. Bá a ṣe ń jáde níbẹ̀, Àyìnlá ni wọ́n ń lù lọ́wọ́.

5/ Mo mọ̀ pé ẹ máa ní epo jẹnẹrétọ̀ wọ́n. Òótọ́ ni. Ẹ ta ìpolówó sí i nígbà náà! Àwọn aládìrẹ Ìtòkú wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wá oníbàárà. Ẹ gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ní ọjà, ẹ fi ọmọ tó yáwó ṣe orin sílẹ̀ jàre.

6/ Ohun tí mò ń bèèrè ò pọ̀: wákàtí kan lọ́sẹ̀, fáwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ àpàlà àti sákárà, láìgba kọ́bọ̀. Ẹ fi Àyìnlá ṣí i, káwọn èèyàn gbọ́ ibi tí orin náà ti wá. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ibi tó ń lọ.

7/ Àwa ọ̀dọ́ náà ò mọ́ nínú ẹ̀ o. A ó gé ìṣẹ́jú àáyá 15 nínú orin Àyìnlá sínú fídíò. Tí ẹgbẹ́ wa bá kọ irú ẹ̀, a ó ní orin àwọn arúgbó ni. Kí ló dé gan-an?

8/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní rédíò, mo mọ̀ pé ẹ ń kà á. Asọ̀rọ̀mágbèsì là ń pe ẹ̀rọ yín látijọ́. Èsì rèé o. Ó kù sọ́wọ́ yín.