Ìbò Èkó, 1923: Ẹjọ́ Tí Mo Bá Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì Rò Láti Adó

Ìbò Èkó ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀tàn fi ń ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba àwarawa ní Nàìjíríà: ti ìgbìmọ̀ ìlú ní 1920, lẹ́yìn náà ti Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní oṣù kẹsàn-án 1923. Wọ́n ń yìn ín bí ẹni pé oore ni. Láti Adó-Èkìtì tí mo ti ń wò ó, n ò rí oore kankan níbẹ̀. Ẹ̀sùn ni mo ní.

Ẹ̀sùn kìíní: wọ́n fi owó dínà mọ́ tálákà. Òfin tí Gómìnà Hugh Clifford gbé kalẹ̀ ní 1922 ní ẹni tí kò bá ń rí £100 lọ́dún kò gbọdọ̀ dìbò. Ká ní lébìrà kan ń gba ṣílè kan lójúmọ́, tó sì ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, tí kò ṣàìsàn, tí kò sinmi lọ́jọ́ kan ṣoṣo: £18 àti ṣílè 5 ni gbogbo rẹ̀. Òun ló ń ru ẹrù wọn ní èbúté, òun ló ń la títì wọn. Ìgbà wo ni yóò rí £100?

Ẹ̀kejì, wọ́n yọ obìnrin kúrò pátápátá. Ìyálọ́jà lè lówó, kó kọ́lé, kó máa bọ́ ọ̀pọ̀ ẹnu. Ọkùnrin tó ń ra ọjà àwìn lọ́wọ́ rẹ̀ lè dìbò, òun ò lè dì í. Ó di 1950 kí obìnrin Èkó tó rí ìbò dì.

Èyí tó dùn mí jù ni tiwa. Ìgbìmọ̀ Aṣòfin yẹn ló ń ṣòfin fún gbogbo ìhà gúúsù, Èkìtì sì wà lábẹ́ rẹ̀. Nínú ènìyàn 46 tó jókòó síbẹ̀, mẹ́rin péré ni wọ́n dìbò yàn: mẹ́ta láti Èkó, ẹnì kan láti Calabar. Àgbẹ̀ Adó ìbáà ní igba pọ́n-ùn nínú àpótí, kò níbi tí yóò ti dìbò. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, àmọ́ wọ́n fá tiwa. Bí ẹnikẹ́ni bá ní a ò tíì mọ bí a ṣe ń yan aṣojú nígbà náà, ta ló kó àwọn ìlú jọ sínú Èkìtìparapọ̀? Ta ló ja ogun Kírìjì láti 1877, tó sì jókòó ti àdéhùn àlàáfíà 1886 tí Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ṣe alárinà?

Wọ́n tún so àwọn tó wọlé náà lọ́wọ́. Egerton Shyngle, Eric Moore àti Adeniyi-Jones, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Herbert Macaulay, ló gba àyè Èkó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba 27 ló wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Ohun tí ìjọba bá ti fẹ́ ló ń ṣẹ. Àpẹẹrẹ kan nìyí: ní 1925, wọ́n lé Elékòó Èṣùgbàyí, ọba Èkó tí ẹgbẹ́ náà ń tì lẹ́yìn, kúrò ní Èkó lọ sí Ọ̀yọ́; ó di 1931 kó tó padà sílé.

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Èkìtì fi dúró. Nígbà tí ìbò sì dé ní 1951, ará ìlú kò tíì lè yan aṣòfin fúnra rẹ̀: ó ń yan ẹni tí yóò lọ bá a yàn án.