Ojú Olójú Kò Jọ Ojú Ẹni

Àìsàn kan ti ń ba ọ̀rọ̀ àwọn òǹwòran amóhùnmáwòrán jẹ́ láàárín wa, ó sì tó àkókò kí á pe àìsàn náà ní orúkọ rẹ̀. Bí àwọn olùkọ́ bá péjọ ní yàrá ìsinmi wọn ní yunifásítì, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá jókòó sábẹ́ igi lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́, bí àwọn obìnrin bá jókòó lọ́dọ̀ onídìrí, eré orí amóhùnmáwòrán kì í pẹ́ wọ inú ìtàkùrọ̀sọ wọn. Èyí kò burú. Irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ni ó burú. Ẹ ó gbọ́ pé eré báyìí ti bọ́ sí ipò kìn-ín-ní. Pé iye àwọn tó ń wo eré tọ̀hún ti lọ sílẹ̀. Pé wọn kò ní ṣe sáà mìíràn fún eré kẹta nítorí pé òǹkà rẹ̀ kò dára. Ẹ wá bi wọ́n léèrè pé kí ni eré náà ń sọ, ta ni ó hùwà tó tọ́ nínú rẹ̀, ta ni kò hùwà tó tọ́, báwo sì ni èdè inú rẹ̀ ti rí: wọn yóò máa wò yín bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń lọ láyé.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ta kókó rárá. Òǹkà òǹwòran kì í ṣe ìdájọ́ lórí eré. Irinṣẹ́ oníṣòwò ni. Òǹwòran tó bá gbé irinṣẹ́ oníṣòwò tó fi ń wọn eré tó wò ti gbé ojú tirẹ̀ sílẹ̀, ojú olójú ni ó fi ń ríran. Àwọn àgbà sì ti kìlọ̀ fún wa pé ojú olójú kò jọ ojú ẹni.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ibi tí òǹkà yìí ti ṣẹ̀ wá. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Nielsen, tó ti ń ka àwọn tó ń gbọ́ rédíò tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn òǹwòran amóhùnmáwòrán ní 1950. Wọn kò lọ kan ilẹ̀kùn gbogbo ilé. Wọ́n yan ilé díẹ̀, wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ amóhùnmáwòrán wọn. Wọ́n fún àwọn ilé mìíràn ní ìwé tí wọn yóò máa kọ ohun tí wọ́n wò sí. Nígbà tó di 1987, wọ́n mú ẹ̀rọ mìíràn wá tí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé ń tẹ bọ́tìnnì tirẹ̀ nígbà tó bá jókòó láti wòran. Ẹgbẹ̀rún ilé díẹ̀ ni ó ń ṣojú fún ilé tó lé ní mílíọ̀nù 80. N kò bá wọn jà lórí èyí. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá iyọ̀ ọbẹ̀ tó kò ní láti lá gbogbo ìkòkò tán. Ohun tí wọ́n ń wá ni mo ń bá wọn jà lé lórí. Ẹ̀rọ yẹn kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé, ǹjẹ́ eré náà dùn mọ́ ọ? Ǹjẹ́ ó kọ́ ọ lọ́gbọ́n? Ǹjẹ́ o rí ara rẹ nínú rẹ̀? Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó ń béèrè: ǹjẹ́ ojú rẹ wà níbẹ̀? Ìdí rẹ̀ ni pé ojú yẹn ni ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ń tà fún àwọn olùpolówó ọjà. Bí ojú bá ṣe pọ̀ tó ni owó ìpolówó ṣe ń ga tó. Nínú òwò yìí, eré kọ́ ni ọjà tí wọ́n pa tẹ́. Òǹwòran gan-an ni ọjà. Eré wulẹ̀ jẹ́ ìjẹ tí apẹja fi sẹ́nu ìwọ̀ ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mo ń sọ àsọdùn, kí ó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ CBS ní 1971. Ọ̀wọ́ eré kan wà nígbà náà tó dá lórí ìgbésí ayé àwọn ará oko Amẹ́ríkà: The Beverly Hillbillies, Green Acres, Mayberry R.F.D. àti Hee Haw. Ọ̀kan nínú wọn, The Beverly Hillbillies, ti fìgbà kan rí jẹ́ eré tí òǹwòran rẹ̀ pọ̀ jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ náà. Ní ọdún tí a ń wí yìí, Mayberry R.F.D. àti Hee Haw ṣì wà láàárín ogún eré tó ṣíwájú. Síbẹ̀ CBS gbá gbogbo wọn dànù lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn? Àwọn tó ń wò wọ́n ni àgbàlagbà àti ará oko, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ́ tó ń gbé ìlú ńlá, tí owó wà lápò rẹ̀, ni olùpolówó ọjà ń wá. Hee Haw kọ̀ kò kú. Ó gba ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké lọ, ó sì lo ohun tó lé ní ogún ọdún sí i. Ẹ ò wá rí i pé òǹkà tí à ń gbé gẹ̀gẹ̀ yìí, àwọn tó ni ín pàápàá kì í bọlá fún un nígbà tí kò bá bá èrè wọn mu? Orí kan kò tó orí kan lójú wọn. Ojú ìyá àgbà tó wà lóko kò lówó lórí tó ojú ọmọkùnrin tó fẹ́ ra mọ́tò.

Òǹkà náà kò sì mọ ohun tó dára yàtọ̀ sí ohun tí kò dára. Nígbà tí Hill Street Blues bẹ̀rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ NBC ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1981, ìsàlẹ̀ ìsàlẹ̀ ni ó wà. Ọdún náà kò tíì parí tí eré náà fi gba àmì-ẹ̀yẹ Emmy mẹ́jọ, ó sì wà lórí afẹ́fẹ́ títí di 1987. Cheers náà fẹ̀yìn balẹ̀ ní sáà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1982. Sáà mọ́kànlá ni ó lò kí ó tó kógbá wọlé ní 1993, ó sì ti di eré tí òǹwòran rẹ̀ pọ̀ jù lọ kí ìgbà yẹn tó dé. Bí ó bá jẹ́ pé òǹkà ni adájọ́, ọdún àkọ́kọ́ ni wọn ì bá ti dájọ́ ikú fún àwọn méjèèjì. Ohun tó gbà wọ́n ni pé ẹnì kan fi ojú ara rẹ̀ wò wọ́n, ó rí i pé iṣẹ́ gidi ni, ó sì ní sùúrù.

Àwọn òǹwòran náà ti lo ojú ara wọn rí. Ní 1968, nígbà tí ìròyìn gbòde pé NBC fẹ́ fòpin sí Star Trek, lẹ́tà ya lu ilé-iṣẹ́ náà bí òjò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì wọ́de lọ síbẹ̀. Wọ́n gba sáà kẹta fún eré náà kí ó tó parí ní 1969 lẹ́yìn apá 79. Ẹ kíyè sí i: àwọn tó kọ lẹ́tà wọ̀nyẹn mọ̀ pé òǹkà kò gbè wọ́n. Ìfẹ́ tí wọ́n ní sí iṣẹ́ náà ni ó gbé wọn dìde.

Ẹnì kan yóò sọ pé ìtàn òkè òkun ni mo ń pa, pé kí ni ó kan Yorùbá níbẹ̀. Ó kàn wá nítorí pé láti ibẹ̀ ni a ti yá àṣà yìí, tí a sì ti gbàgbé èyí tí a ní nílé. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959 ni amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Kò pẹ́ tí àwọn eléré bíi Moses Ọláìyá, Bàbá Sálà wa, fi di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lórí rẹ̀. Ní 1968 ni The Village Headmaster tí Ṣẹ́gun Olúṣọlá dá sílẹ̀ gba orí amóhùnmáwòrán, ó sì ń bá a lọ títí di 1988. Obìnrin kan wà nínú eré náà tí ń gbé ọ̀rọ̀ kiri. Amebo ni orúkọ rẹ̀. Lónìí, láti Èkó dé Kánò, àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà tí eré náà parí ń pe olófòófó ní amebo. Ẹ̀rọ wo ni ó lè ka èyí? Àwọn òǹwòran ni wọ́n wo ìwà obìnrin náà, tí wọ́n jiyàn lórí rẹ̀, tí wọ́n fi bú ara wọn, tí wọ́n fi kìlọ̀ fún ọmọ wọn, títí orúkọ ènìyàn fi di orúkọ ìwà. Ohun tí mo ń pè ní ìdájọ́ òǹwòran nìyẹn.

Ó tún kàn wá nítorí pé níhìn-ín, eré kì í sábà dúró nítorí pé àwọn ènìyàn kò wò ó mọ́. Ó ti pẹ́ tó ti di àṣà lọ́dọ̀ wa pé kí olóòtú eré fúnra rẹ̀ ra àkókò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán, kí ó sì wá onígbọ̀wọ́ tí yóò gbé ẹrù náà pẹ̀lú rẹ̀. Ọjọ́ tí onígbọ̀wọ́ bá yọwọ́ ni eré kú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti ń wo eré lọ, tí ìyàwó ilé wà nínú ìdààmú, tí ọ̀tá ṣì ń yọ́ rìn, tí a sì dúró de ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e lásán. Kò sí ìdágbére, kò sí àlàyé. Àwọn òǹwòran tó ti mú àrùn òǹkà yóò wá máa sọ pé, "Ó ní láti jẹ́ pé ènìyàn kò wò ó ni." Ẹ̀sùn èké ni wọ́n fi kan olóògbé! Wọ́n pa eré, wọ́n tún bà á lórúkọ jẹ́, àwa tí a jẹ́ òǹwòran sì ń bá wọn gbé pósí.

Mo mọ èsì tí wọn yóò fọ̀ fún mi. Wọn yóò ní kò sí eré tó ń jẹ afẹ́fẹ́. Òṣèré ní ọmọ nílé, ẹni tó bá sì náwó gbọ́dọ̀ mọ iye tó pa. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo Hubert Ògúndé, tó sọ eré ṣíṣe di iṣẹ́ òòjọ́ ní 1945. Òun náà ń kówó lẹ́nu ọ̀nà, òun náà ń ka orí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé òǹwòran fúnra rẹ̀ ni oníbàárà. Ó san owó rẹ̀, ó jókòó, ó wò, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti pariwo pé èyí kò dùn. Owó ẹnu ọ̀nà jẹ́ ọ̀rọ̀ láàárín eléré àti òǹwòran. Òǹkà orí amóhùnmáwòrán jẹ́ ọ̀rọ̀ láàárín ilé-iṣẹ́ àti olùpolówó ọjà. A ò pe òǹwòran sí ìpàdé yẹn, orí rẹ̀ ni wọ́n ń ná. Kí oníṣòwò mọ òǹkà rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Èmi ń béèrè ìdí tí àgùntàn fi ní láti mọ iye tí wọ́n ń ta ẹran lọ́jà, tí yóò sì máa fi yangàn.

Ayé ti yí, àrùn náà sì tún ń pọ̀ sí i. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gbé eré gba orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ní òǹkà tiwọn. Láti 2021 ni Netflix ti ń kéde mẹ́wàá tó ṣíwájú ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí Aníkúlápó, fíìmù Kúnlé Afọláyan, jáde ní 2022, mo retí àríyànjiyàn ńlá. Ìtàn Sàró ahunṣọ tó wọ Ọ̀yọ́, tó fẹ́ olorì, tó kú, tí ẹyẹ Àkàlà jí dìde, tí agbára wá gun orí rẹ̀ tó fi da Arọ́lákẹ́ tó là á kọjá ikú: ṣé ìtàn tí Yorùbá kò rí ohun sọ sí nìyẹn? Ṣé ẹ̀bi Sàró ni àbí ẹ̀bi orí rẹ̀? Ṣé ó tọ́ kí Arọ́lákẹ́ gbẹ̀san? Ṣé bí ará Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn? Ipò tí fíìmù náà wà lágbàáyé ni mo ń gbọ́ lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí ìtàn náà padà wá ní 2024 gẹ́gẹ́ bí eré alápá mẹ́fà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni bóyá wọn yóò tún ṣe sáà mìíràn. Bẹ́ẹ̀ wọn kò tíì sọ fún mi bóyá èyí tí wọ́n wò yẹ kó wà rárá. Ìtàn tó dára a máa ní ìparí. Ìyá àgbà tó ń pàlọ́ fún wa kì í fa àlọ́ gùn nítorí pé àwọn ọmọdé pọ̀ ní àgbàlá.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹwòran, ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè lọ́wọ́ yín. Èkíní, bí eré kan bá dùn mọ́ yín, ẹ sọ ohun tó dùn níbẹ̀. Bí ó bá sì bí yín nínú, ẹ sọ ibi tó ti ṣẹ̀, kódà bí gbogbo ayé bá ń wò ó. Èkejì, bí wọ́n bá dá eré dúró lójijì, ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, sí onígbọ̀wọ́ pẹ̀lú. Ẹ béèrè ìparí ìtàn, nítorí gbèsè ni wọ́n jẹ yín. Ẹ̀kẹta, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín láti máa ṣe lámèyítọ́ ohun tí wọ́n ń wò, kí wọ́n tó kọ́ wọn níta láti máa ka orí. Àwọn eré tí a ń ṣe lédè wa lónìí kò ní òǹrorò ọ̀tá tó ju ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wa lọ. Bí a kò bá lè sọ ìdí tí wọ́n fi ṣe pàtàkì, ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, tó jókòó ti ìwé ìṣirò rẹ̀, ni yóò máa bá wa sọ ọ́.